Ríìmù Tó Ti Pẹ́ Nílẹ̀: Èyí Tó Ṣeé Fọ̀, Èyí Tó Ṣeé Tún Ṣe, Èyí Tó Yẹ Ká Pa Tì

Òǹkàwé wa kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ kọ̀wé pé Toyota Camry ọdún 2004 tí bàbá òun ń lò ti wà lábẹ́ igi máńgòrò nínú àgbàlá wọn fún ọdún mẹ́ta, òun sì fẹ́ gbé e padà sójú títì. Ríìmù alọ́ì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dúdú, àmì pupa wínníwínní tí ọṣẹ kò lè ká sì kún ojú wọn. Nínú ọ̀kan, ìlà funfun bí òwú ti ń rìn lábẹ́ ọ̀dà. Etí òmíràn ti ha níbi tó ti gbá gọ́tà. Ìkẹta kì í gba afẹ́fẹ́ dúró ju ọjọ́ méjì lọ. Ọmọ káwọ́ọ̀ṣì kan ní omi bátìrì ni kí wọ́n fi fọ̀ wọ́n, àbúrò òǹkàwé náà ọkùnrin sì ní kí wọ́n kúkú ra ríìmù tòkunbọ̀. Ó wá béèrè pé: “Ẹ̀gbọ́n, ti ta ni kí n tẹ̀lé nínú àwọn méjèèjì?”

Ẹ má tíì tẹ̀lé ẹnì kankan nínú wọn. Ọ̀rọ̀ omi bátìrì ni kí a kọ́kọ́ yanjú, torí pé òun nìkan ni ohun tí ẹ lè ṣe lónìí tí kò ní ṣeé tún ṣe mọ́. Ásíìdì sulfúríkì ni omi bátìrì. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n rẹ̀ ló jẹ́ ásíìdì, omi ni ìyókù. Bí wọ́n bá dà á sí ríìmù, yóò jẹ ìpẹtà lóòótọ́, ojú ríìmù yóò sì tàn yanran kí ọmọ káwọ́ọ̀ṣì tó gba owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ásíìdì náà kì í dúró lórí ìdọ̀tí. Ó ń gba gbogbo ibi tí ọ̀dà ti là wọlé lọ bá alumíníọ̀mù, kò sì rọrùn láti fi omi ṣan èyí tó ti wọlé náà jáde. Tó bá yá, ojú ríìmù á ṣú, ọ̀dà á sì máa ṣí ní abala-abala. Èyí tó bá ta sára dísìkì àti bóòtù ńkọ́? Èyí tó bá ta sójú ẹni tó ń fọ̀ ọ́ ńkọ́?

Oríṣi ásíìdì mìíràn tún wà tí àwọn kan máa ń rọ sínú kẹ́ẹ̀gì tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń pè ní oògùn ríìmù. Bí fúlọ́ráìdì bá wà nínú rẹ̀, ó burú ju omi bátìrì lọ, nítorí pé ó lè gba awọ ara kọjá títí dé egungun, ìrora rẹ̀ sì lè pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, tí ẹni tó kàn á yóò fi rò pé kò ṣe òun ní nǹkan kan. Ẹ má ra oògùn ríìmù tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì. Kọ́sítíìkì sódà tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò kò dára fún un bákan náà: alumíníọ̀mù gan-an ló ń jẹ, á máa hó, á máa gbóná, gáàsì háídírójìn tí iná lè mú á sì máa jáde láti ara rẹ̀.

Kí ẹ tó yan ohun tí ẹ máa fi fọ ríìmù, ẹ ní láti mọ ohun tó bo ojú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ríìmù alọ́ì tó bá ọkọ̀ wá láti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n kùn ní ìpele mẹ́ta: púráímà nísàlẹ̀, ọ̀dà sílífà láàárín, kílíà tó mọ́ gaara lókè. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá kílíà ṣì wà, ẹ fọ ibi kọ́lọ́fín kan mọ́, ẹ kán Brasso díẹ̀ sí aṣọ funfun, kí ẹ sì fi ra ibẹ̀. Bí aṣọ bá dúdú, alumíníọ̀mù ìhòòhò ni ẹ ń rá. Bí kò bá dúdú, kílíà ṣì wà. Òòfà tí ẹ bá yọ lára sípíkà rédíò àtijọ́ á sọ ìyókù fún yín, torí pé ó ń lẹ̀ mọ́ ríìmù onírin, kì í sì í lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù. Ríìmù tó ń dán débi pé ẹ lè wo ojú yín nínú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ oníkúróòmù. Èyí tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ yí ojú rẹ̀ po ni wọ́n fi ẹ̀rọ gé lójú. Àwọn méjèèjì yẹn kì í ṣe iṣẹ́ àgbàlá. Bí ríìmù yín bá jẹ́ sílífà lásán, bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, ó ṣeé tún ṣe nílé.

Àmì pupa tí ẹ rí yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì mú. Àwọn kan rò pé ríìmù ló ń dípẹtà, bẹ́ẹ̀ alumíníọ̀mù kì í dípẹtà pupa. Àwọn mìíràn rò pé yangí ni, nítorí pé eruku pupa kò wọ́n ní ìlú wa, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n yangí máa ń bá omi àti ọṣẹ lọ. Ohun tí kì í lọ ni lúbúlúbú irin tó ń ti ara dísìkì àti páàdì bíréèkì jáde. Ní gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, páàdì ń ha dísìkì, irin wínníwínní ń fò jáde pẹ̀lú ooru, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ríìmù. Ti iwájú ló ń gbà jù, torí pé ẹsẹ̀ iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bíréèkì. Bí ẹ bá fi ríìmù iwájú wé ti ẹ̀yìn, ẹ máa rí i fúnra yín. Bí ọkọ̀ bá ń rìn tí wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ déédéé, lúbúlúbú náà kì í ráyè jókòó. Nígbà tí ọkọ̀ yín dúró gan-an ni ìrì òwúrọ̀ àti òjò mú kí ó dípẹtà níbi tó lẹ̀ mọ́, bó sì ṣe ń dípẹtà ló ń wú, tó ń rì wọnú kílíà. Ìdí nìyẹn tí kànrìnkàn fi ń kọjá lórí rẹ̀ láìmú un. Bí ẹ bá wá fi ìbínú mú kànrìnkàn onírin tí a fi ń fọ ìdí ìkòkò, kílíà ni ẹ máa kọ́kọ́ ha dànù.

Ohun tó ń ká a ni oògùn tí wọ́n dìídì ṣe fún irin tó lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ń pè ní thioglycolate, irú kan náà tó wà nínú ìpara tí àwọn èèyàn fi ń yọ irun ara, òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti ẹyin tó ti bàjẹ́. Bó bá ti kan irin, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà di àlùkò. Àwọ̀ yẹn ni ẹ máa fi mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ fọ́n ọn sí ríìmù tó tutù, lábẹ́ ibòji, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ má jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ rá a, kí ẹ sì fi omi púpọ̀ ṣàn án. Ó lè gbà yín ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, torí ọdún mẹ́ta kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Bí ẹ kò bá rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹni tó bá ń lọ sí Ìbàdàn bá yín rà á. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn àgbà fi ń fọ idẹ lè ran ìpẹtà fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́ níbi tí kílíà ti pé, ṣùgbọ́n ásíìdì ni òun náà, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lórí alumíníọ̀mù ìhòòhò.

Kí oògùn yìí tó kàn, ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí eruku má baà máa ha ojú ríìmù nígbà tí ẹ bá ń rá a. Ibi tó dúdú tó sì ń fà mọ́ ọwọ́ jẹ́ àpapọ̀ gírísì àti ọ̀dà títì. Karosíìnì díẹ̀ lórí aṣọ á yọ ọ́, kí ẹ sì tètè fi ọṣẹ fọ karosíìnì náà kúrò, torí pé ó ń ba rọ́bà táyà jẹ́. Oje máńgòrò àti ìgbẹ́ adìyẹ, èyí tí ọkọ̀ tó bá dúró nínú àgbàlá wa kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù bò ó títí yóò fi rọ̀, ẹ má fi èékánná họ ọ́.

Ojú ríìmù nìkan ni gbogbo èyí wà fún. Èrò tèmi ni pé inú rẹ̀, níbi tí ẹnì kankan kì í wò, ló ṣe pàtàkì jù, ẹ kò sì lè dé ibẹ̀ láìtú ẹsẹ̀ ọkọ̀. Kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó le tó sì tẹ́, kí ẹ fi òkúta há táyà òdìkejì, kí ẹ dẹ nọ́ọ̀tì díẹ̀ kí ẹ tó gbé jáàkì, kí ẹ sì ki ìdúró irin bọ abẹ́ ọkọ̀, torí pé jáàkì lè yọ̀, búlọ́ọ̀kù símẹ́ńtì sì lè fọ́ lójijì. Ó ṣeé ṣe kí ríìmù kọ̀ láti bọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti tú gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀. Níbi tí alumíníọ̀mù ti fara kan irin họ́ọ̀bù (ibi tí a ti ń de ríìmù mọ́ ọkọ̀), tí omi sì wà láàárín wọn, alumíníọ̀mù á máa jẹra díẹ̀díẹ̀, títí méjèèjì á fi lẹ̀ pọ̀ gbágbágbá. Ẹ má fi òòlù irin gbá a. Ẹ dá nọ́ọ̀tì padà láìfún wọn pa, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ẹ mú òkúta kúrò, kí àwọn ènìyàn sì rọra tì í síwá sẹ́yìn díẹ̀. Ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sábà máa ń já a.

Èyí mú wa dé orí táyà tí kì í gba afẹ́fẹ́ dúró. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ fọ́kánáísà tó ní ẹ̀rọ tí ń tú táyà, kì í ṣe ẹni tó máa fi irin àti òòlù ṣí i, nítorí pé irin àti òòlù náà lè ha etí ríìmù alọ́ì bí gọ́tà ṣe ń ha á. Kí ó kọ́kọ́ da omi ọṣẹ sí ojú táyà, sí ẹnu fáàfù, àti sí gbogbo etí tí táyà ti pàdé ríìmù. Bí ìfófòó bá ń ru jáde ní etí yẹn, tí kò sì sí ibì kan tó lu lára táyà, ríìmù ni àìsàn wà. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé alumíníọ̀mù ti jẹ ní ibi tí etí táyà ń jókòó lé, ẹ̀tù funfun ti hù níbẹ̀, ó sì ti gbé rọ́bà kúrò lára ríìmù díẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò nílò ju ìyẹn lọ. Wọ́n lè dábàá pé kí ẹ fi túùbù sí i. Ẹ má gbà. Túùbù nínú táyà tí wọ́n ṣe láìní túùbù ń bo àìsàn náà mọ́lẹ̀ lásán, jíjẹ náà á sì máa bá a lọ lábẹ́ rẹ̀. Bí ara túùbù bá ń ha ara táyà tó sì ń gbóná, ó lè bẹ́ lójijì lórí ìrìn-àjò, nígbà tí táyà aláìní túùbù ì bá kàn máa jo díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n tú táyà náà, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin tọwọ́ àti sáńpépà 120 (bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ojú rẹ̀ ṣe rí gbàgùdù tó) ra gbogbo ẹ̀tù funfun náà kúrò, kí wọ́n fi 240 dán ibẹ̀, kí wọ́n nù ún mọ́, kí wọ́n fi oògùn tí a fi ń dí etí táyà pa á ní tín-ínrín, kí wọ́n sì pààrọ̀ fáàfù rẹ̀, èyí tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Wọn kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi ń gé irin ṣe é, torí pé bó bá jẹ wọlé jù, kò sí ohun tí yóò dí i mọ́. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n bálánsì rẹ̀. Òjé tí wọ́n fi bálánsì rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò lè wà níbi tó wà mọ́.

Ìlà funfun bí òwú tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, kò sì sí ọṣẹ tàbí oògùn tó lè ṣe é ní nǹkan kan, torí pé abẹ́ kílíà ló wà. Òkúta ojú ọ̀nà ti kọ́kọ́ ṣí kílíà níbì kan, omi ti gba ibẹ̀ wọlé, ó sì ń jẹ alumíníọ̀mù lọ lábẹ́ ọ̀dà. Ibi tí ìlà náà parí sí lójú yín kọ́ ni ó parí sí gan-an, nítorí náà ẹ ní láti fi sáńpépà ha ọ̀dà kọjá orí rẹ̀ títí ẹ ó fi dé ibi tí ọ̀dà ti di alumíníọ̀mù mú ṣinṣin. Ẹ fi 240 bẹ̀rẹ̀, ẹ bọ́ sí 320, kí ẹ sì fi 400 àti 600 parí rẹ̀ pẹ̀lú omi, títí ọwọ́ yín kò fi ní mọ ibi tí ọ̀dà àtijọ́ àti alumíníọ̀mù ti pàdé. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, kí ẹ sì fi tínà díẹ̀ lórí aṣọ mímọ́ nù ún kí epo ọwọ́ má baà wà níbẹ̀. Ẹ bèèrè fún púráímà tó ń jẹ mọ́ alumíníọ̀mù, torí pé èyí tí wọ́n ń lò fún irin lásán á ṣí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni sílífà, lẹ́yìn sílífà ni kílíà, kí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ ìfọ́nsí méjì tàbí mẹ́ta tó fẹ́lẹ́, kí ẹ sì fún wọn ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín ara wọn. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni ìkánjú láti fọ́n ọn nípọn lẹ́ẹ̀kan.

Àkókò ọdún náà kì í ṣe ojúsàájú. Ní ìgbà òjò, ọ̀rinrin máa ń mú kí kílíà funfun bí ó ṣe ń gbẹ. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku á rọ̀ sórí rẹ̀ kó tó gbẹ. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ ṣe é nígbà ọyẹ́, ẹ ṣe é lábẹ́ òrùlé, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má dìde, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún òórùn ọ̀dà, kí ẹ sì bo imú yín.

Ibi méjì wà tí ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ kàn: ẹ̀yìn ríìmù níbi tó ti ń fara kan họ́ọ̀bù, àti ihò tí nọ́ọ̀tì ń jókòó sí. Bí ọ̀dà tuntun bá nípọn níbẹ̀, nọ́ọ̀tì á fún lójú yín, ṣùgbọ́n ọ̀dà ni ó ń fún mọ́; bí ọ̀dà náà bá ti fọ́ lábẹ́ ìwúwo ọkọ̀, nọ́ọ̀tì á dẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ fi pépà àti sẹlotéèpù bo àwọn ibẹ̀ kí ẹ tó fọ́n ohunkóhun.

Ríìmù tó ha létí rọrùn ju bó ṣe rí lójú lọ. Ẹ fi fáìlì rẹ́ ibi tó mú ṣónṣó, ẹ fi bọ́dì fílà tí wọ́n ṣe fún alumíníọ̀mù dí ibi tó jìn díẹ̀, kí ẹ sì kùn ún bíi ti àkọ́kọ́. Bí ibi tó ha bá ti wọ ibi tí táyà ń jókòó lé, ẹ má fi fílà sí i rárá.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí ọ̀dà, ẹ wá ibi tó là. Ẹ fi karosíìnì pa inú ríìmù àti ìdí apá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ti àárín lọ sí etí, ẹ nù ún gbẹ dáadáa, kí ẹ sì fi ṣọ́ọ̀kì tàbí ẹfun lílọ̀ kùn ún. Bí ìlà tútù bá yọ lójú ẹfun lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, karosíìnì ló ń jáde láti inú ibi tó là. Irú ríìmù bẹ́ẹ̀, ẹ pa á tì. Àwọn wẹ́dà á sọ fún yín pé àwọn lè jó o pọ̀, wọ́n sì lè jó o pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n alọ́ì ríìmù kì í ṣe alumíníọ̀mù tí a fi ń rọ ìkòkò: nínú irú èyí tó wọ́pọ̀ jù, sílíkọ́nì tó bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú mágínísíọ̀mù díẹ̀, wọ́n sì ti fi ooru tí wọ́n wọ̀n ṣe é kí ó lè le. Iná wẹ́dà ń tú ìle yẹn ká ní àyíká ibi tó jó. Bákan náà ni èyí tó wọ́, tí wọ́n fẹ́ fi iná gáàsì yá kí wọ́n tó fi òòlù lù ú tọ́. Èmi kò ní fi irú rẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àbúrò yín ti bá a mu: bí ọ̀kan bá là, ẹ ra tòkunbọ̀ kan dípò rẹ̀, ẹ má pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ti Camry yín jẹ́ oníhò márùn-ún, àyíká tí ihò wọ̀nyẹn wà lórí rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 114.3, ihò àárín sì jẹ́ 60.1. Kí ẹni tó ń tà á gbà yín láyè láti yẹ inú rẹ̀ wò pẹ̀lú karosíìnì àti ẹfun. Bó bá kọ̀, ẹ kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ẹ wo nọ́ọ̀tì náà: ti ríìmù alọ́ì tí Toyota ìgbà yẹn bá wá sábà máa ń ní ọrùn gígùn àti wáṣà pẹrẹsẹ, nígbà tí ti ríìmù onírin àti ti ọ̀pọ̀ ríìmù tí kì í ṣe ti Toyota rí ṣóńṣó lẹ́nu. Ọ̀kan kì í ṣe iṣẹ́ èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjèèjì á wọ bóòtù kan náà.

Táyà tó ti wà lójú kan fún ọdún mẹ́ta, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára rẹ̀: 2317 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2017. Bó bá ti ju ọdún mẹ́wàá lọ, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ti ń sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dára tó.

Nígbà tí ẹ bá ń dá ẹsẹ̀ ọkọ̀ padà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ra ìpẹtà ojú họ́ọ̀bù kúrò, ẹ fi gírísì tín-ínrín pa àárín rẹ̀ nìkan, ẹ má jẹ́ kó kan bóòtù tàbí dísìkì. Ẹ fún nọ́ọ̀tì ní ìfòkan-kọjá, kì í ṣe ní títò, kí ẹni tó ní sípánà tí ń ka agbára sì fún wọn dé 103 Nm. Lẹ́yìn bí kìlómítà 80 sí 100, ẹ yẹ wọ́n wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Àlọ àti àbọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ ti tó bẹ́ẹ̀, ihò ojú ọ̀nà á sì ti bá yín dán an wò.

Ẹ ṣí búùtù náà. Ríìmù ìkarùn-ún tó wà níbẹ̀ ṣeé ṣe kó jẹ́ onírin, kí omi sì ti dúró sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ti onírin rọrùn jù: ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ra ìpẹtà rẹ̀ kúrò, ẹ fi púráímà irin àti ọ̀dà dúdú kùn ún, ẹ wo ọjọ́ orí táyà rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní afẹ́fẹ́ kí ẹ tó jáde.